Kí Iyè Àgbà Òṣìṣẹ́ Má Baà Tètè Ra

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn aṣojú òṣìṣẹ́ wa sọ ní ìpàdé gbogbogbòò ẹ̀ka ní Àkúrẹ́, níbi tí àwọn ará wa láti Oǹdó ti wá pàdé wa. Àwọn tí kò lè wá ni wọ́n bẹ̀ wá pé kí a tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín.

Nígbà tí akọ̀wé ní kí n sọ̀rọ̀ lónìí, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó-oṣù ni púpọ̀ nínú yín ń retí lẹ́nu mi. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí owó-oṣù sinmi díẹ̀, òun náà ti rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àgbà ni mo fẹ́ sọ, àgbà tí gbogbo wa ń lọ dà. Ẹ má sì fi mí pe dókítà. Ìwé mẹ́fà ni mo kà kí n tó wọ iṣẹ́, ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ ni mo ti kọ́ ìyókù. Ohun tí mo kà, ohun tí mo bi àwọn tí ó mọ̀ ọ́n, àti ohun tí ojú mi rí ni mo kó wá.

Ẹ̀yin tí ẹ ti lò ju ọdún mẹ́wàá lọ níbi iṣẹ́ igi lílà yìí kò ní gbàgbé Bàbá Sítọ̀. Àwọn ni wọ́n ń tọ́jú yàrá tí a ń kó irinṣẹ́ àti èlò ẹ̀rọ sí. Bí ayùn ẹ̀rọ kejì bá ṣẹ́, bí bẹ́líìtì bá já, a kò ní tíì sọ̀rọ̀ tán tí Bàbá yóò fi ní, “Ẹ wo pẹpẹ kẹta, lọ́wọ́ òsì, lẹ́yìn garawa gíríìsì.” Wọn kò ní ṣí ìwé kankan. Wọ́n mọ ọdún tí a ra èlò náà, wọ́n mọ ẹni tí ó ba èyí tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ jẹ́, wọn a sì rán olúwarẹ̀ létí níwájú gbogbo ènìyàn. Ìwé mẹ́ta péré ni Bàbá kà, ṣùgbọ́n n kò tíì rí akọ̀wé tí ó bá wọn ka èlò tí ó borí wọn.

Bàbá fẹ̀yìntì. A ṣe àpèjẹ ìdágbére, a fún wọn ní aago ògiri. Gbogbo yín ni ẹ mọ aago ògiri ẹgbẹ́ wa. Àfi bí ẹni pé ohun tí àgbà nílò jù lọ ni kí ó jókòó máa wo bí àkókò ti ń lọ. Wọ́n di ẹrù wọn, wọ́n padà sí Oǹdó. Ní oṣù náà gan-an ni a yọ orúkọ wọn kúrò nínú ìwé ẹgbẹ́. Ó parí.

Nǹkan bí ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, iṣẹ́ ẹgbẹ́ gbé mi dé Oǹdó, mo ní kí n yà kí wọn. Wọ́n gbà mí tọwọ́-tẹsẹ̀, wọ́n béèrè ọ̀gá àgbà. Mo dáhùn. Kò pẹ́, wọ́n tún béèrè. Nígbà tí ó di ẹ̀ẹ̀kẹta, tí wọ́n wá dárúkọ ọ̀gá tí a ti sin láti ọjọ́ pípẹ́, ara mi bù máṣọ. Orúkọ ẹni tí ó ṣe aṣojú ṣáájú mi ni wọ́n fi ń pè mí. Síbẹ̀, nígbà tí a gbé ọpọ́n ayò kalẹ̀, Bàbá pa mí lẹ́ẹ̀mejì léraléra, wọ́n sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe láyé ọjọ́un. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, Màmá sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní ní oṣù tó kọjá, Bàbá jáde pé àwọn fẹ́ lọ ra oògùn ẹ̀fọn nítòsí, wọn kò sì padà. Ojú ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ ni ọlọ́kadà kan ti rí wọn nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú. Ó bi wọ́n níbi tí wọ́n ń lọ. Wọ́n ní sítọ̀ ni, wọ́n ní àwọn ọmọ iṣẹ́ ń dúró de kọ́kọ́rọ́.

Mo padà sí Àkúrẹ́, mo sọ fún ara mi pé n óò tún lọ kí wọn láìpẹ́. Oṣù méje kọjá kí n tó lọ. Mo sọ èyí kí ẹ má baà rò pé ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn ni mo wá kà sí yín létí.

Yorùbá ní orúkọ fún ohun tí ó ń ṣe Bàbá. A máa ń ní àgbà ń ṣarán, tàbí pé iyè rẹ̀ ti ra. Ṣùgbọ́n a máa ń sọ ọ́ bí ìgbà tí a ń sọ̀rọ̀ ewú, bí ẹni pé gbogbo ẹni tí ó bá pẹ́ láyé ni yóò kàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Pé àgbà wá orúkọ kan tì ní ọ̀sán, kí ó tó rántí rẹ̀ lálẹ́, ọjọ́ orí ni. Pé ó gbé kọ́kọ́rọ́ síbì kan tí kò rántí ibẹ̀ mọ́, èmi tí n kò tíì pé àádọ́ta ń ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ó bá di kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ tí kò mọ ohun tí a ń fi í ṣe, tàbí bí ìyá tí ó ti ń tajà ní Ọjà Ọba fún ogójì ọdún bá bẹ̀rẹ̀ sí fún oníbàárà ní ṣéńjì tí ó ju owó tí ó gbà lọ, àìsàn ọpọlọ ni. Oríṣiríṣi ni. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ni wọ́n fi orúkọ dókítà Alzheimer pè, ará Jámánì tí ó kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ ní 1906. Òmíràn a máa wá láti ara iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó dí tàbí tí ó bẹ́ nínú ọpọlọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ní ọdún 2021, mílíọ̀nù 57 ènìyàn ni ó ń bá a yí ní gbogbo ayé, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kì í sì í ṣe ará ilẹ̀ ọlọ́rọ̀.

Ìbéèrè tí ó mú mi lọ́kàn ni èyí: bí kì í bá ṣe gbogbo àgbà ni ó ń ṣe, ta ni ó ń ṣe, ta ni ó ń fò dá? Ṣé bí ẹ̀jẹ̀ ìdílé kọ̀ọ̀kan ṣe rí ni, tàbí bí ènìyàn ti gbé ayé rẹ̀?

Ẹ bá mi ká lọ sí Ìbàdàn. Ní 1992, àwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà pawọ́ pọ̀ láti wádìí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Hugh Hendrie ni ó ṣíwájú ní ìhà ti Amẹ́ríkà. Ní ìhà tiwa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ni, ọmọ Òkè-Mẹ̀sí ní Èkìtì. Ní ọdún yẹn, inú Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni Èkìtì ṣì wà, 1996 ni a tó pín. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí a máa pè é ní tiwa. Ó kú ní 1995, iṣẹ́ náà kò tíì parí, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó bá a lọ. Àdúgbò Ìdíkàn ni wọ́n mú ní Ìbàdàn, wọ́n ń wọ ojúlé dé ojúlé, wọ́n ń wá ẹni tí ó ti pé ọdún 65 sókè. Ní Indianapolis, àárín àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é, àwọn ọmọ ẹni tí òwò ẹrú gbé kọjá òkun láti etí òkun Áfíríkà tiwa yìí.

Ohun kan wà nínú iṣẹ́ náà tí ó dùn mọ́ mi nínú. Púpọ̀ nínú àwọn àgbà Ìdíkàn kò wọ ilé-ìwé rí. Bí o bá gbé bírò fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kó kọ nǹkan, tí kò lè kọ ọ́, ṣé a wá lè ní iyè rẹ̀ ti ra ni? Wọ́n ní láti wá ìbéèrè tí ẹni tí kò kàwé lè dáhùn bí ọgbọ́n orí rẹ̀ bá pé, wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá, wọ́n sì tún bi àwọn ará ilé: ṣé Ìyá ṣì ń ṣe bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀? Ṣé wọ́n ṣì mọ owó kà? Ẹ̀yin ìjòyè tí ẹ máa ń fi èdè gẹ̀ẹ́sì bá ọmọ iṣẹ́ sọ̀rọ̀ kí ẹ tó ní kò gbọ́n, ẹ fi èyí kọ́gbọ́n.

Ó lé ní 2,400 àgbà tí wọ́n tọ̀ lẹ́yìn ní Ìbàdàn, ó lé ní 2,100 ní Indianapolis, fún ọdún bíi márùn-ún. Nígbà tí wọ́n gbé èsì jáde ní 2001, nínú 1,000 àgbà ní Ìdíkàn, nǹkan bí 13 sí 14 ni àrùn yìí ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lọ́dún kan. Ní Indianapolis, nǹkan bí 32 ni. Ìlọ́po méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Indianapolis ni ó kàwé jù, àwọn ni ó ní ilé ìwòsàn jù. Ìṣẹ́ kan sì wà tí a máa ń jogún nínú ẹ̀jẹ̀, tí àwọn dókítà ń pè ní APOE4, tí ó máa ń mú kí arán tètè mú àwọn òyìnbó. Ó wà lára àwọn ará Ìdíkàn náà dáadáa, ṣùgbọ́n kò bá wọn jà bí ó ti ń bá òyìnbó jà.

Mo rí ẹni tí ó ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ má tíì jó. Àwọn olùwádìí náà kò ní kí Yorùbá máa fọ́nnu. Lápá kan, oúnjẹ Ìdíkàn kò ní ọ̀rá tó ti Indianapolis, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kò sì pọ̀ láàárín wọn tó bẹ́ẹ̀. Lápá kejì, ní ilẹ̀ tiwa ikú ti máa ń mú aláìlera kí ó tó dàgbà débi tí yóò ṣarán. Èmi náà ní tèmi láti fi kún un. Àgbà tí ọmọ ń bù omi fún, tí ìyàwó ọmọ ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, tí ọmọ-ọmọ ń fà lọ́wọ́ lọ sí mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì, ta ni yóò tètè mọ̀ pé kò lè dá ṣe nǹkan kan mọ́? Agbo ilé ni ó ń bò ó. Lónìí ńkọ́? Àwọn ọmọ ti lọ sí Èkó, òmíràn ti lọ sí Kánádà, fóònù ni wọ́n fi ń bù omi fún Bàbá. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti pọ̀ ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó báyìí, ohun tí à ń jẹ kò sì jọ ohun tí wọ́n ń jẹ ní Ìdíkàn ní 1992 mọ́.

Ìwádìí kejì dé ọ̀dọ̀ tiwa gan-an. Láàárín 2003 àti 2004, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gúrèjé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn wo àwọn àgbà tí ó lé ní 2,000 ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí Yorùbá ń gbé, Ìpínlẹ̀ Oǹdó sì wà lára wọn. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ wọ́n padà lọ wo ẹni tí iyè rẹ̀ ti ra nínú wọn. Lára ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn tí kì í fi bẹ́ẹ̀ bá ẹgbẹ́ àti àwùjọ ṣe ni àrùn náà tètè ń mú. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ojú Bàbá Sítọ̀ ni mo ń rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilé-ìwé, nítorí pé ó kan èmi náà. Ní gbogbo ayé ni wọ́n ti rí i pé ẹni tí ó kàwé díẹ̀ sí i nígbà èwe, iyè rẹ̀ a máa pẹ́ kí ó tó ra. Kì í ṣe pé ìwé ń lé àrùn. Ẹ wo ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó. Bí igi bá wó dí i ní Ọ̀wẹnà, awakọ̀ tí ó mọ ọ̀nà kan ṣoṣo yóò jókòó sínú ọkọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ẹni tí ó mọ ọ̀nà abúlé yóò yà, yóò pẹ́, ṣùgbọ́n yóò dé. Bí ọpọlọ ti ń ṣe nìyẹn. Ohun gbogbo tí ènìyàn kọ́ jẹ́ ọ̀nà abúlé. Nígbà tí àrùn bá dí títì, ẹni tí ó ní ọ̀nà púpọ̀ yóò ṣì máa yà fún ọdún bíi mélòó kan.

Wàyí o, ta ni a là ọ̀nà fún, ta ni a kò là á fún? Ní 17 January 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀ ṣí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́. Àkúrẹ́ àti Oǹdó wà nínú rẹ̀. Ní 1954, nǹkan bí 457,000 ọmọ ni ó wà ní ilé-ìwé. Ní 1955 wọ́n di ẹni tí ó lé ní 800,000. Ọmọ ọdún mẹ́fà ní ọdún yẹn ti ń súnmọ́ 80 báyìí. Nítorí náà, ẹni tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ lónìí, ẹ̀yìn ògiri ilé-ìwé ni púpọ̀ nínú wọn gbà kọjá lọ sí oko kòkó, àwọn obìnrin ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn, torí pé bí owó ilé-ìwé bá mọ níwọ̀n, ọkùnrin ni bàbá máa fi í rán. Ìyá mi tìkára rẹ̀ jókòó síta fèrèsé kíláàsì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ó kọ́ á, bí, dí láti ibẹ̀ títí tíṣà fi lé e. Àwọn obìnrin wọ̀nyí náà ni ó ń pẹ́ láyé ju ọkọ wọn lọ, tí wọ́n ń dá gbé inú yàrá lẹ́yìn ikú ọkọ.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí n kò fẹ́ sọ wà, ṣùgbọ́n n óò sọ ọ́. Gbogbo wa ni a ti gbọ́ ti ìyá arúgbó tí wọ́n rí láàárọ̀ kùtù lẹ́yìnkùlé ẹlòmíràn, láìwọ bàtà, tí kò lè sọ bí ó ti dé ibẹ̀. Àwọn èrò a pé jọ, wọn a ní ẹyẹ ni ó já bọ́. Wọn a bi í ní ìbéèrè, ìyá a sì máa dáhùn gbogbo rẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni, torí pé iyè kò sí nílé mọ́. Ṣé ìwọ ni o pa lágbájá? Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀yin èrò a ní ó ti jẹ́wọ́. Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá bi Bàbá Sítọ̀ lónìí pé ṣé àwọn ni wọ́n jí ẹ̀rọ ìjọba gbé, wọ́n lè ní bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n sì tún bi yín pé ẹ̀rọ wo ni. Nítorí pé ọkùnrin ni Bàbá, ọmọ aráyé ni wọ́n ní ó ń ṣe wọ́n. Bí ó bá jẹ́ Màmá ni ńkọ́? Ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ yìí tí ó bá bá irú èrò bẹ́ẹ̀ pàdé, tí ó sì gbé òkúta tàbí tí ó dákẹ́, kò ní ohun tí yóò sọ fún mi nípa ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wọ inú ọgbà iṣẹ́ tiwa. Àwọn onímọ̀ kan tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Gill Livingston ní London kó jọ fún ìwé ìròyìn Lancet ti ka ohun 14 tí ó ń mú kí iyè ènìyàn ra, ohun tí a lè ṣe nǹkan sí. Ní 2020 wọ́n jẹ́ 12, ní 2024 ni wọ́n fi ojú tí kò ríran dáadáa àti ọ̀rá búburú inú ẹ̀jẹ̀ kún un. Wọ́n ní bí a bá lè mú gbogbo wọn kúrò, nínú 100 irú àrùn yìí, 45 ni a lè dènà tàbí kí a sún síwájú. N kò ní ka gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ mọ àtọ̀gbẹ, ẹ mọ sìgá, ẹ sì mọ páraga tí àwọn kan ń mu ní aago méje òwúrọ̀ kí wọ́n tó di ẹ̀rọ mú. N kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Orí tí ó fọ́ wà níbẹ̀, nítorí náà ẹ̀yin tí ẹ ń gun ọ̀kadà wá síbi iṣẹ́, akoto kì í ṣe nítorí ọlọ́pàá nìkan.

Èyí tí ó dá mi dúró nínú rẹ̀ ni etí. Etí tí kò gbọ́ran mọ́ wà lára àwọn ohun tí ó ń fa ìgbàgbé. Kò ṣòro láti yé ènìyàn. Ẹni tí kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ yóò máa fi ẹ̀rín dáhùn. Bí ó bá pẹ́, yóò yé wá sí ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Ọpọlọ tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ dà bí ọ̀bẹ tí a kò lò. Kí ni ó sì ń ba etí òṣìṣẹ́ igi lílà jẹ́? Ẹ dákẹ́ kí ẹ gbọ́ ẹ̀rọ ayùn tí ó ń han níwájú yẹn. Òfin ní ilẹ̀ púpọ̀ ni pé ariwo kò gbọdọ̀ kọjá dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 85 fún wákàtí mẹ́jọ láìbo etí. Níbi tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, òwú ìrànwú ni a ń fi dí etí, nígbà tí a sì béèrè ìbotí, ọ̀gá ní ariwo ni ó ń fi hàn pé iṣẹ́ ń lọ. Etí mi ọ̀tún kò gbọ́ dáadáa mọ́ láti ìgbà náà. Ẹ̀yin tí ẹ bá jókòó sí apá yẹn nínú ìpàdé, ẹ máa pariwo. Ìbotí fún gbogbo ẹni tí ó wà nídìí ẹ̀rọ wà nínú ìwé tí a fẹ́ gbé lọ bá àwọn ọ̀gá ní oṣù yìí. Àwọn kan nínú yín ti ń ní kí a yọ ọ́ kúrò kí a lè fi rí àlékún owó ọkọ̀ gbà. Mo ní ẹ má yọ ọ́. Owó ọkọ̀ yóò tán ní oṣù náà, etí kò ní padà.

Ó ku ti ìfẹ̀yìntì. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó lé ní 10,000 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tọ̀ lẹ́yìn ní London ní 1985. Nígbà tí wọ́n wo àwọn tí ó ti fẹ̀yìntì nínú wọn, èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2018 ni pé bí ènìyàn ti ń rántí ọ̀rọ̀ tí ó gbọ́ ń yára dínkù lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì ju ti ìgbà iṣẹ́ lọ, ó fi nǹkan bí 38 nínú 100 yára sí i. Àwọn tí ipò wọn ga, iyè wọn jí pépé nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n kúrò lórí àga, àwọn àti ọmọ iṣẹ́ di ọ̀kan. Ní ilẹ̀ Faransé náà, wọ́n wo ìwé àwọn tí ó lé ní 429,000 tí ó ti fẹ̀yìntì, wọ́n rí i pé ẹni tí ó bá pẹ́ sí i lẹ́nu iṣẹ́, àrùn yìí kì í tètè mú un.

Mo mọ ọ̀gá tí yóò ka èyí tí yóò ní, “Ẹ ò rí i? Kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ lọ títí dé 70.” Rárá o. Ẹni tí ó ti ru pákó fún ọdún 35, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ra kí iyè rẹ̀ tó rò ó. Ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀. Iṣẹ́ ń fún ènìyàn ní ohun tí kò sí nínú àpò owó-oṣù: ibi tí yóò lọ láàárọ̀, ẹni tí yóò bá jiyàn, ohun tí àwọn ẹlòmíràn kò lè ṣe láìsí i. Bàbá Sítọ̀ jí ní ọjọ́ kan, gbogbo rẹ̀ ti lọ, àfi aago ògiri. Kò sí ẹni tí ó tún béèrè bẹ́líìtì lọ́wọ́ wọn.

Owó náà sì wà níbẹ̀. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 ní kí ilé-iṣẹ́ tí ó bá ní òṣìṣẹ́ 15 sókè máa yọ ó kéré tán náírà 8 nínú 100 lára owó òṣìṣẹ́, kí òun náà fi náírà 10 kún un, kí ó san án sí àkáǹtì tí orúkọ òṣìṣẹ́ wà lórí rẹ̀. Àwọn agbanisíṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń yọ 8 dáadáa, tí wọn kì í san án síbẹ̀. Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ni Bàbá fi ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ láàárín Oǹdó àti Àkúrẹ́ nítorí owó tiwọn, tí wọ́n ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì. N kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé bẹ́ǹṣì yẹn ni ó ra iyè wọn. Mo mọ̀ pé kò tún un ṣe.

Nítorí náà, Alága, àbá tí mo mú wá nìyí, mo sì fẹ́ kí a dìbò lé e kí a tó tú ká. Kí a má ṣe yọ orúkọ ẹni tí ó bá fẹ̀yìntì kúrò nínú ìwé ẹgbẹ́ mọ́. Kí ó máa wá sí ìpàdé, kí ó ní ohùn, bí kò tilẹ̀ san owó. Kí a yan ẹni méjì ní Àkúrẹ́, ẹni méjì ní Oǹdó, tí yóò máa yà sọ́dọ̀ wọn lóṣooṣù, kì í ṣe nígbà òkú nìkan. Ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ tí a ń ṣe ní gbọ̀ngàn yìí ní Túsìdeé àti Tọ́sìdeé, kí a ṣí i fún àwọn àgbà àti àwọn ìyàwó òṣìṣẹ́. Ìyá mi ti ń béèrè. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ lọ́wọ́, kí wọ́n máa wá kọ́ àwọn ọmọ tuntun; ọmọ tí ó wà ní sítọ̀ báyìí, ọmọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n ó gbà á ní gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè láti wá bẹ́líìtì tí ó wà lórí pẹpẹ kẹta. Akápò yóò ní owó dà. Owó aago ògiri ni.

Nípa ti Bàbá, Màmá ti mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Oǹdó. Wọ́n bá ẹ̀jẹ̀ ríru lára wọn, wọ́n fún wọn ní oògùn. Dókítà kò ní oògùn tí yóò dá iyè padà, kò sì tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ó ní kí wọ́n máa rìn, kí wọ́n máa bá ènìyàn sọ̀rọ̀, kí a má sì máa bá wọn jiyàn bí wọ́n bá ṣi orúkọ pè. Bí wọ́n bá pè mí ní orúkọ ẹni àná, mo ń jẹ́ ẹ.

Sátidé tó ń bọ̀ ni mo tún ń lọ. Ọkọ̀ yóò gbéra níwájú géètì ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀, àyè márùn-ún ni ó kù nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń bọ̀ tí ó ní ọpọ́n ayò nílé, kí ó bá wa mú un dání. Ti Bàbá ti sán.